Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá: Ìtàn Àsìkò Ìsinsìnyí láti Freetown dé Ilé-Ifẹ̀

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá yọjú sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "simple present". Olùkọ́ yóò kọ ọ́ sí ojú pátákó: "I go, you go, he goes." Àwọn ọmọ yóò sì gbè é lóhùn kan náà bí ẹni ń dárin. Lójú, kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń yọ̀. Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àgbàlagbà tó ti gba ìwé ẹ̀rí pàápàá lè gbàgbé "s" kékeré yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ ọ́ lára.

Àwọn kan a máa sọ pé àìfetísílẹ̀ ló fà á, tàbí pé orí ọmọ náà kò pé tó. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì kọ ẹ̀yìn síra wọn ní ojú kan pàtó, àti pé inú èdè Yorùbá gan-an ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí ilẹ̀kùn náà wà. Ó ti tó igba ọdún tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ èdè yìí. Láàárín ìgbà náà, àwọn kan lo kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn mìíràn gbà á lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n tó ní kí ó ṣílẹ̀kùn.

Ibi tí èdè méjèèjì ti kọ ẹ̀yìn síra wọn

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan wò: "Mo lọ sí ọjà." Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èyí mọ̀ pé ìrìn náà ti wáyé. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ti lọ. Ó ṣeé ṣe kí n ti dé pàápàá. Mi ò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀-ìṣe náà o. Ó wà lásán bí wọ́n ṣe bí i, ìròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló sì gbé wá. Wàyí o, ẹ wo ti Gẹ̀ẹ́sì: "I go to the market." Nínú èyí náà, a kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ṣùgbọ́n kò sọ pé mo ti lọ, kò sì sọ pé mo wà lọ́nà. Ohun tó ń sọ ni pé ọjà lílọ jẹ́ ìṣe mi.

Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń wo àná, èkejì ń wo ohun tí a sábà ń ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń tú èdè rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, "I go to the market yesterday" ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí òpè ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin èdè tó mu mọ́ ọmú ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Bí mo bá sọ pé "Mo mọ Adé", "Ó ga", "Ilé náà tóbi", tàbí "Wọ́n fẹ́ owó", ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí náà wà lásán, síbẹ̀ òní ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìdí ni pé wọn kò sọ nípa ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe, bí kò ṣe nípa ipò tí ènìyàn tàbí nǹkan wà. Níbí yìí ni èdè méjèèjì ti pàdé: "Mo mọ Adé" ni "I know Adé", "Wọ́n fẹ́ owó" ni "They want money". Ẹ ò rí i pé ọmọ Yorùbá ti mọ ìdá kan nínú àsìkò ìsinsìnyí ti Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó wọ ilé-ìwé.

Bí a bá wá fẹ́ sọ nípa ìṣe, kì í ṣe ipò, Yorùbá ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ fetí sí òwe: "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ yìí. Ohun tó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo ni wọ́n ń sọ. Bí a bá fẹ́ tú wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, inú "simple present" ni a ó gbé wọn sí. "Ń" nínú òwe kìíní, "a" nínú òwe kejì, àti "máa ń" tí a ń lò lójoojúmọ́, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀ lọ.

Àmọ́ "ń" yìí ní yàrá méjì nínú. Bí ẹnì kan bá bi oníṣòwò pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, yóò dáhùn pé, "Mo ń ta aṣọ." Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá pè é lórí fóònù tó béèrè ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, yóò tún dáhùn pé, "Mo ń ta aṣọ." Gbólóhùn kan náà ni, kò sí àmì ohùn kan tó yí padà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, "I sell cloth" ni ti àkọ́kọ́, "I am selling cloth" ni ti èkejì. Ìdí nìyí tí oníṣòwò wa tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi lè fi èkejì dáhùn ìbéèrè kìíní.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń kọ̀. "Kò mu ọtí" túmọ̀ sí pé wọ́n gbé ọtí wá, ọkùnrin náà kò sì fọwọ́ kàn án. "Kì í mu ọtí" ni pé ọtí mímu kò sí nínú ìwà rẹ̀. "Kì í" yìí gan-an ni "does not" ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ipò, "kò" ni a ń lò: "Kò mọ ọ̀nà" ni "He does not know the way". Olùkọ́ tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣàlàyé "kò" àti "kì í" fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ wàhálà tó lè gbà odindi sáà kan.

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ti ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé gbé ìwé A Grammar of Yoruba jáde ní 1966. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ Essentials of Yoruba Grammar ní 1978. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà Yorùbá tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ lónìí, orúkọ kan wà tó dùn mọ́ni: "àsìkò afànámónìí", èyí ni pé ó fa àná mọ́ òní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ló ṣàlàyé ìdí tí "mo lọ" fi ń wo ẹ̀yìn tí "mo mọ̀" sì ń wo òní, láìyí ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan padà. Wọ́n tún fún wa ní "ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán", tí wọ́n pín sí "atẹ́rẹrẹ" fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, àti "bárakú" fún ohun tó ti di àṣà. "Bárakú" yìí ni ẹnu ọ̀nà sí "simple present".

"S" yìí, níbo ló ti wá?

Kí ẹnikẹ́ni tó fi "s" yìí fi ọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́, ó yẹ kí ó mọ ìtàn rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún èmi, fún ìwọ, fún òun, àti fún ọ̀pọ̀. Fún ẹni kẹta ẹyọ, ohùn "th" ni ó ń parí rẹ̀, kì í ṣe "s". Ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "s" ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Aldred kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì wẹ́wẹ́ sí àárín ìlà Látìn nínú Ìwé Ìhìnrere Lindisfarne. Nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ni a ti rí "s" àti "th" tí wọ́n jọ ń du ipò.

Díẹ̀díẹ̀ ni "s" rìn lọ sí gúúsù títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Shakespeare ń kọ eré rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1600, méjèèjì ló ń lò, bí ó bá ṣe wù ú. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní tirẹ̀ di "eth" mú ṣinṣin. Kódà nígbà tí Lindley Murray tẹ ìwé gírámà rẹ̀ ní 1795, ìwé tí wọ́n lò ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ó ṣì to "hath" àti "has" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Lónìí, gbogbo ìparí yòókù ti ṣí dànù. "S" nìkan ló kù, bí òpó kan tó dá dúró lẹ́yìn tí ilé ti wó. Kò fi ìtumọ̀ kankan kún ọ̀rọ̀, nítorí "he" tàbí "she" tó ṣáájú rẹ̀ ti sọ ẹni tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan pàápàá kì í lò ó: ní agbègbè Norfolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, "he go" ni ẹ̀ka-èdè ìbílẹ̀ wọn láti ayébáyé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò gbọ́ èdè ìyá wọn.

Ohun mìíràn tún wà. Àsìkò ìsinsìnyí yìí gbòòrò nígbà náà ju bó ṣe rí lónìí lọ. Nínú eré Hamlet, nígbà tí Polonius fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ọba ń kà lọ́wọ́, "simple present" ló fi béèrè, kò lo "ing" rárá. Ẹ ò rí i pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà wọ yàrá méjèèjì nígbà yẹn, bí "ń" ti Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni "am reading" gbilẹ̀ tó gba ohun tó ń lọ lọ́wọ́, tí ó sì fi bárakú àti ipò sílẹ̀ fún èkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un. Báwo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣe kọ́ èdè àjèjì? Ní nǹkan bí ọdún 1000, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Ælfric kọ ìwé gírámà Látìn fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ló fi ṣàlàyé rẹ̀. Èdè tiwọn kò ní àsìkò ọjọ́ iwájú bí ti Látìn, nítorí náà ó sábà máa ń fi àsìkò ìsinsìnyí tú u. Ó mú ohun tí ọmọ mọ̀, ó fi fa ohun tí kò tíì mọ̀ yọ. Ohun tí a ṣe fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó ń kọ́ Látìn nìyẹn.

Freetown: ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé

Sàró ni ìtàn yìí ti kan ọmọ Yorùbá. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kó Àjàyí, ọmọdékùnrin kan, ní ìlú Òṣoògùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ojú-omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e dé Freetown ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837, ó ní láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà tí òun dé ibẹ̀, òun ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ní 1825 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, tí ó sì di Samuel Ajayi Crowther.

Ẹ wo irú Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ bá pàdé nínú ìwé: Bíbélì 1611 ni, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹni kẹta ti ń parí sí "eth". Ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé yàtọ̀ sí èyí tí àwọn atukọ̀ ń sọ ní èbúté. Ẹni tó kọ́ èdè ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ní ṣàìmọ̀ pé àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe òfin tó já bọ́ láti ọ̀run, pé ó ń yí padà.

Ní Sàró yìí kan náà ni obìnrin kan ti gbé ìmọ̀ràn tó yè kooro kalẹ̀. Hannah Kilham, ọmọ ìjọ Quaker, rí i pé wọ́n kàn ń da Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn ọmọ lórí láìsí àlàyé kankan. Ó ní èdè tí ọmọ gbọ́ ni kí a fi kọ́ ọ kàwé, kí a sì fi fa Gẹ̀ẹ́sì yọ. Ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ní èdè Wolof àti Gẹ̀ẹ́sì ní 1823. Ní 1828, ó kó ọ̀rọ̀ láti inú èdè Áfíríkà púpọ̀ tí wọ́n ń sọ ní Sàró jọ sínú ìwé kan, tiwa sì wà nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ "Aku", orúkọ tí wọ́n fún àwọn baba wa níbẹ̀ nítorí ìkíni wọn tí kì í tán: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ojú omi ni ó kú sí ní 1832, ìmọ̀ràn rẹ̀ kò sì tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Crowther ló wá gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó ga. Ní 1843, wọ́n tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Apá kan lọ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, èkejì láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, ìpìlẹ̀ gírámà sì wà ní iwájú rẹ̀. Ní 1852, ìwé gírámà rẹ̀ jáde. Ní 1858, T. J. Bowen, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tẹ tirẹ̀ ní Washington lábẹ́ Smithsonian Institution. Láti ìgbà náà ni èdè méjèèjì ti ń wo ara wọn lójú lórí ìwé. Crowther mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀nà láti inú Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ṣeé rìn. Òun fúnra rẹ̀ ti rìn ín ní àlọ àti àbọ̀.

Láti Àgbádárìgì dé Èkó: bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn

Àwọn oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, Thomas Birch Freeman àti William de Graft, dé Àgbádárìgì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842. Ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò pẹ́ sígbà náà. Àwọn CMS dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1859, Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún yẹn kan náà, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní àkókò yìí, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jókòó lórí àga kan náà.

Ìjọba ló yí i padà. Nígbà náà, abẹ́ ìṣàkóso kan náà ni Èkó àti Gold Coast wà. Òfin ẹ̀kọ́ 1882 tí wọ́n ṣe fún méjèèjì so owó ìrànwọ́ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kíkà àti kíkọ, kò sì fún èdè ìbílẹ̀ ní àyè. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fẹ́ owó kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí kò mówó wá. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sọ Yorùbá di èèwọ̀ nínú ọgbà wọn, wọ́n ní "vernacular" ni. Ọmọ tó bá sọ ọ́ yóò sanwó ìtanràn tàbí kí ó jẹ ẹgba. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò tíì jáwọ́ nínú ìwà yìí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé kí ni olùkọ́ pàdánù ní ọjọ́ tí wọ́n ka Yorùbá léèwọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀. Ó kéré tán, nǹkan mẹ́ta ni.

Èkíní, kò lè fi "mo lọ" wé "mo ń lọ" mọ́. Kò sì lè fi "kì í" ṣí "does not". Ohun tó kù fún un ni kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ lórin, kí ó sì máa retí pé yóò yé wọn ní ọjọ́ kan.

Èkejì ni ti ohùn. Nínú èdè Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí "class" fi di kíláàsì, tí "nurse" fi di nọ́ọ̀sì, tí "bus" fi di bọ́ọ̀sì. Etí ọmọ wa kò mọ́ "s" ní ìparí ọ̀rọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ "walks", níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì ti so pọ̀. Tí wọ́n bá fi àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí ṣàlàyé fún un, yóò mọ ibi tí ahọ́n rẹ̀ ti ń kọsẹ̀. Tí wọn kò bá ṣàlàyé, yóò rò pé ahọ́n òun ló ní àbùkù.

Ẹ̀kẹta ni ti ọ̀wọ̀, èyí sì jinlẹ̀ jù. Ọmọ tí a kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó". Yóò sọ pé: "Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àárọ̀ Ajé ni wọ́n máa ń lọ." Ẹnì kan ni bàbá náà, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti sọ ọ́ di ọ̀pọ̀. Wàyí o, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó pe bàbá ní "he", gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tún so "s" mọ́ ìṣe bàbá. Bí ọmọ náà bá sọ pé "My father, they go on Monday", kì í ṣe pé kò mọ iye bàbá tó ní. Ìwà ọmọlúàbí ló gbé wọ inú èdè tí kò ní àyè fún un. Olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì ṣàlàyé pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, "he" kì í ṣe àrífín. Èyí tí kò gbọ́, tàbí tí òfin kò jẹ́ kí ó sọ ọ́, yóò fa ìlà pupa sí i, ó tán.

Ìdánwò Ilé-Ifẹ̀

Kò sí pé kò sẹ́ni tó kígbe. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tó yẹ ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà wò sọ ní 1922 pé kí wọ́n fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fọwọ́ sí ìlò èdè ìbílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti 1925. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Ẹ̀rí ni ayé ń wá.

Ẹ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ mìíràn tẹ̀ lé ètò àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta tó kù.

Nígbà tí wọ́n wọn méjèèjì wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù, pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, kò ṣẹlẹ̀. Ní 1989, Fáfúnwá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìtàn ìdánwò náà jọ sínú ìwé. Ní 1990, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Nàìjíríà. Ó dolóògbé ní 2010.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tí ó sọ ni pé àbájáde ìdánwò kò dára ní àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù.

N kò ní bá ìjọba jà nínú àròkọ gírámà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìkéde kan kò lè yí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ahọ́n ọmọ padà. Yálà a fún Yorùbá láyè nínú kíláàsì tàbí a kò fún un, ó ti wà nínú orí ọmọ tó jókòó síbẹ̀. "Mo lọ" yóò ṣì máa wo ẹ̀yìn, "I go" yóò sì máa wo ibòmíràn. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹnì kan yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kò dúró de ìjọba. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní àsìkò ìsinsìnyí nílé, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó fẹ́ sọ ní Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ ipò, bíi mímọ̀, fífẹ́, tàbí níní, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ni ní èdè méjèèjì; ọ̀nà tààrà ni. Bí ó bá jẹ́ ìṣe, ẹ bi í bóyá "máa ń" lè wọ inú gbólóhùn náà kí ìtumọ̀ rẹ̀ má yí padà. Bí ó bá lè wọ̀ ọ́, "simple present" ni. Bí kò bá lè wọ̀ ọ́, tí ó sì jẹ́ ohun tó ń lọ lọ́wọ́, "ing" ni. Bí ó bá fẹ́ kọ̀, ẹ wo "kì í". Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ́ ọ ní "s". Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un pẹ̀lú: pé ìyókù ohun àtijọ́ ni, pé àwọn tó ni èdè náà fúnra wọn ti bá a jìjàdù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọmọ tó mọ ìtàn nǹkan kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì dára láti mọ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ̀ ọ́. Àwọn baba wa tó mọ̀ ọ́n jù nígbà náà, bíi Crowther, ni wọ́n tún ṣiṣẹ́ jù fún Yorùbá. Wọn kò ta ọ̀kan kí wọ́n tó ra èkejì. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èdè wa kò ní parun o. Àṣẹ.